Orúkọ Ràmọ́tà

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìrọ̀lẹ́

Ọmọ ọmọ mi gbé fíìmù olórin tí a ṣe nígbà èwe wa sórí tẹlifíṣọ̀n wọn ní Mágodò lónìí. Gbogbo ọmọdé ilé ló mọ orin inú rẹ̀ lórí, bẹ́ẹ̀ àwọn òbí wọn pàápàá kò tíì dáyé nígbà náà.

Ràmọ́tà ọ̀rẹ́ mi jókòó sáàárín wọn bí olorì.

"Màámá, ṣé ẹ̀yin nìyẹn nínú ọkọ̀?" Ni wọ́n bá ń pàtẹ́wọ́ fún un.

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní orin yẹn! Nígbà tí a dé etí odò ní Agbóyì, mo wo omi, mo wo ọkọ̀ tí mo máa dúró sí kọ ọ́, ẹ̀rù bà mí. Ràmọ́tà bọ́ sínú ọkọ̀, ó kọ ọ́. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Èmi wò ó. Àárín àwọn elégbè ni mo wà, etí mi kan péré ló hàn.

Nígbà tí fíìmù parí, tí orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, àwọn ọmọ ti sá lọ jẹun. Ràmọ́tà fi ìgúnpá tọ́ mi.

"Ìwọ tó o ń lọ síléèwé mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà, bá mi wo tèmi. Látọjọ́ yìí, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀."

Mo rí i. Òun ló ṣáájú, lẹ́tà gàdàgbà.

Mo ní, "Ó yára jù, ọ̀rẹ́ mi. Mi ò rí i."

Ó ní, "Kò burú."

Tíṣà wa ní ká máa kọ ohun tí a bá kà sílẹ̀. Ó dáa, mo kọ ọ́: Ràmọ́tà Àjọkẹ́.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà kékeré ni mo fi kọ ọ́.