Ẹnu Ni Mo Fi Ń Ṣiṣẹ́ Báyìí

Ìyá àwọn ọmọ mi,

Má wulẹ̀ bi mí pé ta ló bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ẹnu ara mi ni mo fi kọ ọ́! Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń ṣe ohun kan sínú fóònù fún àwa tí à ń tún páìpù ṣe: o sọ̀rọ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó jíṣẹ́, láìfọwọ́ kàn án. Nínú gbogbo wa, èmi tí mi ò kàwé ni wọ́n ní kí n máa dán an wò. Láti ìgbà tí páìpù gbígbóná kan ti bẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò gbé irin mọ́. Ọ̀gá kì í gbé irin.

Níjẹta, mo gbàgbé láti pa fóònù náà, mo ń bá fọ́tò rẹ sọ̀rọ̀: "Ìwọ obìnrin yìí, ta ni yóò bá mi de bọ́tìnnì?" Ló bá jíṣẹ́ náà fún gbogbo ilé iṣẹ́! "Bàbá, ìyàwó yín ò mà dáhùn o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ báyìí, ọ̀kan nínú wọn á wá dè é fún mi. Ṣé o rí ọlá?

Bá mi kí àwọn ọmọ. Sọ fún ìyá mi pé ara mi le bí òkúta. Ẹ̀wù tí o ń rán dè mí, má fi bọ́tìnnì sí i.