Abẹ́rẹ́ Tó Bọ́ Lókè Òkun

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ẹ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ kó má bàa sọ pé mi ò ka òun sí. Ṣé ara le? Ṣé ẹ̀ ń sùn dáadáa nínú ilé alájà púpọ̀ yẹn? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká gbọ́ ìròyìn òjijì nípa ara wa. Bàbá rẹ ń kí ẹ. Òun ló bá wa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ nígbà tá a rin ìrìn àjò òkè òkun, ó gba ṣòkòtò kan tí wọ́n fẹ́ gé kúrú, ó ní kí òun fúnra òun gé e, ó wá gé ẹsẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi ìkejì sílẹ̀. A ti bẹ oníṣòkòtò.

Má bínú sí mi. Nígbà tó o pè tí mo ní ara mi le, irọ́ ni. Ibà ti ń ṣe mí láti ìgbà tá a ti ń di ẹrù, ikọ́ sì ti jókòó sí mi láyà bí àlejò tí ò fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ya fídíò àwa ẹgbẹ́ aránṣọ níbi tá a ti ń kọrin nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ìwọ lo gbé e jáde tí àwọn ará òkè òkun fi rí i tí wọ́n ní ká wá kọrin níbi àjọ̀dún orin ní pápá ńlá wọn, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ pé mi ò lọ? Èmi ni mò ń dá orin, àwọn yòókù ń gbè. Dókítà ti sọ tipẹ́ pé àyà mi ò lè gba orin gígùn mọ́, ìwọ náà sì ní kí n wá ẹlòmíì tí yóò máa dá a. Mo kọ̀. Ìwọ ni mo fi ipò yẹn pamọ́ fún. Mò ń sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ pé ọmọ mi ń bọ̀ wá gbà á, bẹ́ẹ̀ o ò sọ lọ́jọ́ kan rí pé o fẹ́ ẹ.

Ẹ̀yin ará ìlú ńlá, ẹ máa ń sọ pé àwọn ará òkè òkun lówó. Wọn ò nílé o! Inú àgọ́ ni gbogbo wọn ń sùn, lórí koríko, nínú ẹrẹ̀, ọ̀pọ̀ ò sì wọ bàtà. Àánú wọn ṣe mí. Mo ní kí ọkùnrin tó ń bá wa túmọ̀ èdè bi wọ́n bóyá omi ló gbé ilé wọn lọ, ó ní rárá, wọ́n sanwó láti sùn níbẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé ó ń bo àṣírí wọn. Wọ́n so ribọ́n kan mọ́ mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n má bọ́ ọ. Ó ṣì ń wà lọ́wọ́ mi tí mo bá ń wẹ̀ di òní, torí kò tíì sẹ́ni tó pè mí pé kí n bọ́ ọ.

Ìrọ̀lẹ́ ló kàn wá. Orin àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Mo la ẹnu fún ìkejì, ikọ́ ló jáde, kò sì fi mí sílẹ̀, gbogbo pápá dákẹ́. Ni ẹnìkan bá tan iná fóònù rẹ̀, ẹlòmíì tan tiẹ̀, kí n tó mí kanlẹ̀, iná ti gba gbogbo pápá. O ṣáà mọ bá a ṣe ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Bí abẹ́rẹ́ bá bọ́, ẹnikẹ́ni kì í gbẹ́sẹ̀, a ó dákẹ́, a ó tan tọ́ọ̀ṣì, a ó lóṣòó, a ó máa wá a títí a ó fi rí i. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn nìyẹn, pé abẹ́rẹ́ ti bọ́ láàárín àwọn tí ò wọ bàtà! Mo pariwo pé kẹ́nikẹ́ni má rìn, mo lóṣòó, mò ń fọwọ́ wá ilẹ̀. Gbogbo ẹgbẹ́ wa lóṣòó, torí aránṣọ ni wọ́n, wọn ò béèrè ìdí. Ni gbogbo èrò pápá náà, tọmọdé tàgbà, bá lóṣòó. Mo ní ẹ wo ọmọlúàbí èèyàn, wọn ò mọ ẹni tó ni abẹ́rẹ́, wọ́n ń bá a wá a. Ògbufọ̀ ní wọ́n rò pé ijó ni. Kó máa sọ tiẹ̀.

Àfi bí mi ò ṣe lè dìde mọ́. Ojú mi ń ṣú. Obìnrin tá à ń pè ní Jẹ́jẹ́ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹni tó ń bá wa lọ aṣọ, tó jẹ́ pé bó bá kí ẹ láàárọ̀, ọ̀sán lo máa tó gbọ́. Ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, ó sì mú orin tó já mọ́ mi lẹ́nu, ó ń kọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ. Kò rántí pé ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà níwájú òun.

Wọ́n gbé mi lọ sí àgọ́ ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì na ìbọn kékeré kan sí mi níwájú orí, mo nawọ́ sókè, mo ní mi ò jí nǹkan kan. Ó wo ẹ̀yìn ìbọn náà, ó ní ara mi gbóná, ó fi bébà tó ń dán wé mi. Ó tún ní kí n mú nọ́ńbà kan láti oókan dé ẹ̀wá. Mo rò pé wọ́n fẹ́ ta mí lọ́rẹ, mo bá mú ẹ̀wá. Àṣé bí ìrora mi ṣe tó ló ń béèrè! Ni gbogbo wọn bá ń sáré kiri.

Níbi tí wọ́n ti ń sáré ni mo ti gbọ́ ọ. Orin wa ni, Jẹ́jẹ́ ló ń dá a, ó sì gbé e dé ibi tí èmi ò gbé e dé rí. Àwọn tí ò gbọ́ èdè wa rárá ń gbè é. Mo bú sẹ́kún nínú bébà mi, nọ́ọ̀sì rò pé ẹ̀wá ti di mọ́kànlá. Kì í ṣe ìrora, ọmọ mi. Ayọ̀ ni, ojú sì tì mí díẹ̀, torí gbogbo ìgbà tí mò ń fi ipò yẹn dè ọ́, ẹni tó lè ṣe é ń bá wa lọ aṣọ.

Oògùn wọn ti ṣiṣẹ́, ibà ti lọ, ikọ́ ló kù díẹ̀. Wọ́n ní ká tún wá lọ́dún tó ń bọ̀, ká má sì gbàgbé ijó ilẹ̀ wíwá yẹn.

Jọ̀ọ́, fi owó oògùn ikọ́ ránṣẹ́, kó o fi ti páànù yàrá bàbá rẹ kún un, ó ń jò. Má fi í sórí fóònù mi o. Fóònù náà ti ń sọ láti ìjẹta pé òun ti kún, kò sáyè mọ́. Bó o bá da owó sínú ẹ̀, ibo ló máa jókòó sí? Fún awakọ̀, tàbí kó o mú un wá fúnra rẹ. Ọlọ́run á ṣọ́ àlọ rẹ, á ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Iṣẹ́ tó o yàn fúnra rẹ á gbè ọ́.

Mo ti gbé iwájú fún Jẹ́jẹ́. O ò jẹ mí lórin kankan mọ́. Ẹ̀yìn ni mò ń dúró sí báyìí, ó sì dùn ju bí mo ṣe rò lọ. Èèyàn lè wúkọ́ níbẹ̀, ó lè rẹ́rìn-ín, ó lè ṣi orin kọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bó o bá wálé, tó ò bá fẹ́ kọrin, wá dúró tì mí lásán.

Èmi ni ìyá rẹ, ní ìlà ẹ̀yìn.