Fódà Tí N Kò Ṣí Wò

Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, 1998

Láptọ́ọ̀pù Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi, ti kún. Èmi ni wọ́n ní kí n wá àyè sínú ẹ̀, torí pé mo ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì. Oṣù méjì péré ni mo tíì lò níbẹ̀!

Mo rí fódà kan tó ṣẹ́kù láti ìgbà tí wọ́n fi ètò ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sínú láptọ́ọ̀pù náà. Mo pa á rẹ́ pátápátá, kò ṣeé dá padà mọ́. Olùkọ́ wa ti kìlọ̀ pé ká máa kọ́kọ́ ṣí fódà wò ká tó pa á rẹ́. N kò ṣí i.

Nírọ̀lẹ́, Bàbá Kékeré wọlé. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé o ò fọwọ́ kan ìwé ojú oórì? Inú fódà ètò ìtẹ̀wé yẹn ni mo pa á mọ́ sí, kí àwọn ọmọdé má baà bà á jẹ́."

Orúkọ gbogbo òkú agboolé wa ló wà níbẹ̀, àti yàrá tí a sin kálukú sí. Ìyá Àgbà nìkan ló mọ gbogbo ojú oórì náà tán, ìyá náà sì ti kú.

"N ò fọwọ́ kàn án, sà."

"Àyè ti wá wà?"

"Ó wà, sà."

"O káre, ọmọ mi."

Mo ti tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú yàrá mi. N kò mọ ẹni tí mo fẹ́ sùn lé lórí, kò sì sí ẹni tí mo lè bi.