Páálí Ọsàn àti Ọmọ Ìka Ẹsẹ̀ Bàbá Rẹ

Tolúlàṣẹ, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Olúwa tí kò jẹ́ kí kànga wa gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kò ní jẹ́ kí ayọ̀ rẹ gbẹ. A wà níbí, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, torí obìnrin inú fóònù tó máa ń sọ pé owó wa ti tán, kò yẹ kó gbọ́ àṣírí ilé wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí Wándé awakọ̀ mú ìwé yìí wá fún ọ l'Ékòó.

Egbò ọmọ ìka ẹsẹ̀ bàbá rẹ kò tíì jiná. O mọ̀ pé nọ́ọ̀sì Zubaidah ti sọ pé nítorí ìtọ̀ ṣúgà, kí wọ́n máa jẹ kárọ́ọ̀tì àti kábéèjì ní tútù. Láràárọ̀ ni mò ń gé e sínú abọ́, wọ́n á gbé e lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n á gbé abọ́ òfìfo padà wá. Inú mi á dùn, màá bu jùùsì inú páálí tí o fi ránṣẹ́ kún ife, màá ní kí wọ́n fi tì í. Àṣé ewúrẹ́ ló ń jẹ kábéèjì! Ewúrẹ́ bí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ ń dán, bàbá rẹ sì ń rù. Lọ́jọ́ Ajé ni mo tẹ̀ lé wọn tí mo fojú ara mi rí i.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì fi ẹ̀rọ kékeré kan tọ́ ẹ̀jẹ̀ wọn wò bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ní ṣúgà ti pọ̀ jù. Mo ní bóyá ṣúgà ẹni tó kọ́kọ́ tọ́ wò ló ṣì wà lẹ́nu ẹ̀rọ náà, kó fi omi ṣan ẹnu rẹ̀ ná. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí ohun tí wọ́n ń mu, mo fi ayọ̀ yọ páálí rẹ jáde nínú báàgì. Ó ní ṣúgà ló kún inú rẹ̀. Mo ní ṣé kò rí ọsàn tí wọ́n yà sí i lára ni, tòun ti ewé rẹ̀? Ó ní kò sẹ́ni tó ń jẹ àwòrán. Ó ní kódà bí a bá fún ọsàn gidi sínú ife, a ti da háríhá rẹ̀ nù, ṣúgà rẹ̀ á kàn sáré wọ ẹ̀jẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ewé tútù ní háríhá, ṣúgà rẹ̀ kò sì pọ̀. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní bí egbò náà kò bá yí padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, dókítà lè ní láti gé ọmọ ìka náà. Ẹ̀rù bà mí, Tolúlàṣẹ.

Nígbà tí a délé, bàbá rẹ ní ojú ló ń ti àwọn láti máa jẹ ewé lójú mi bí ẹran tí a so mọ́lẹ̀, àti pé eyín tó kù kò lè fọ́ kárọ́ọ̀tì. Wọ́n ní ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì ni àwọn fẹ́ fi sìn ọ́ dé iwájú pẹpẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ lóṣù Kejìlá. Mo sunkún. Mo wá gbé agolo tí mo fi ń rin ilá, mo rin kárọ́ọ̀tì, mo rẹ́ kábéèjì wẹ́wẹ́, wọ́n sì jẹ ẹ́ tán lójú mi, wọ́n ń fajú ro bí ẹni ń lo ògùn. Ewúrẹ́ ń ké lẹ́yìn ilé, wọ́n ní kí n bá àwọn bẹ̀ ẹ́.

Má fi jùùsì ránṣẹ́ mọ́. Mi ò lè da èyí tó kù nù, mo ti tì í mọ́ inú àpótí, àwọn àna rẹ ni n ó fi ṣe lálejò. Owó ni kí o fi ránṣẹ́, ká fi ra kárọ́ọ̀tì lọ́jà Ìyànà Ọ̀fà, ká sì fi wọ ọkọ̀ lọ rí nọ́ọ̀sì. Bí o bá rí eyín rà l'Ékòó, ti òkè nìkan la nílò.

Ẹsẹ̀ rẹ kò ní gbé ọ dé ibi ẹkún. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ náà á gbé wọn dé ibi ayọ̀ rẹ, tòun ti gbogbo ọmọ ìka rẹ̀. Bá mi ṣe àmín níbi tí o wà, kí o ṣe é sókè.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fẹ̀yìntọlá.