Orúkọ Obìnrin Mọ́kànlá Tí Gọ́ọ̀mù Bò Mọ́lẹ̀

Ilé Kejì sí Ilé Ìgbẹ̀bí,
Òpópónà Oníbíríkì.
Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìtàn Àwọn Obìnrin Àdúgbò,
Gbọ̀ngàn Ìlú.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ÀWÒRÁN ÀWỌN OBÌNRIN TÓ KỌ́ ILÉ ÌGBẸ̀BÍ, ÀTI ORÚKỌ WỌN TÓ WÀ LẸ́YÌN RẸ̀

1. Agbẹ̀bí ni mí. Ọdún kẹfà rèé tí mo ti fẹ̀yìn tì. Lẹ́tà kẹrin tí mo kọ sí yín nìyí. Mẹ́ta àkọ́kọ́ kò lésì, bẹ́ẹ̀ níṣojú mi ni akọ̀wé yín fi òǹtẹ̀ lù wọ́n.

2. Nígbà tí ẹ kéde pé ẹ fẹ́ ṣí yàrá ìrántí fún àwọn obìnrin àdúgbò wa, mo mú àwòrán kan ṣoṣo tí ìyá mi fi sílẹ̀ wá fún yín. Obìnrin mọ́kànlá ló dúró níwájú ògiri tí kò tíì ga dé ojú fèrèsé, ẹrẹ̀ dé ìgbúnwọ́ wọn. Àwọn ló po ẹrẹ̀, àwọn ló ru bíríkì, lẹ́yìn tí ìyàwó káfíńtà àdúgbò wa kú sójú ọ̀nà níbi tí wọ́n ti ń gbé e lọ bímọ. Ìyá mi ló di kámẹ́rà mú. Ìdí nìyẹn tí òun kò fi sí láàrin wọn.

3. Lẹ́yìn àwòrán náà, ìyá mi fi báírò kọ orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ tí òbí wọn sọ wọ́n ni o, kì í ṣe ìyá lágbájá, kì í ṣe ìyàwó tàmẹ̀dù. Ọmọdé ni mí nígbà náà, “Ìyá” ni mo ń pe gbogbo wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ fún òṣìṣẹ́ tó ń to yàrá yín pé ẹ̀yìn yẹn ṣe pàtàkì ju iwájú lọ. Ó ní òun ti gbọ́, kí n lọ fọkàn balẹ̀. Mo fọkàn balẹ̀, mi ò há wọn sórí, mi ò sì da ẹyọ orúkọ kan kọ. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

4. Lọ́jọ́ ìṣílé, mo bá àwòrán náà lára pákó, gọ́ọ̀mù káfíńtà ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pinpin. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ ni “Àwọn ìyàwó àwọn tó kọ́ ilé ìgbẹ̀bí.” Háà! Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi í rín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò wá. Mo jókòó sórí àga àlejò, mo sunkún níṣojú gbogbo ènìyàn. Òṣìṣẹ́ yín wá fi ọ̀bẹ ṣí i létí. Igun kan ya. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

5. Ẹnì kan péré ló kù láyé nínú wọn, ìyá arúgbó tí gbogbo wa ń pè ní Aránṣọ. Mo lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó ka orúkọ gbogbo wọn fún mi, pẹ̀lú tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ló dé tí mo ń da òun láàmú, ṣebí ìyá mi ti kọ ọ́, ohun tí a bá sì ti kọ sílẹ̀ kì í sọnù. Kò mọ̀wé kà rárá. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ òótọ́ fún un? Mo ní màá padà wá.

6. Aránṣọ kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Kò bímọ. Akọ̀wé itẹ́ òkú béèrè orúkọ rẹ̀ láti kọ sínú ìwé. Àwa bí ogójì la wà níbẹ̀, òun ló sì rán aṣọ ìgbéyàwó ìdajì wa. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́ nínú wa. “Aránṣọ” ni wọ́n kọ.

7. Mo bẹ̀ yín, ẹ yọ àkọlé yẹn lónìí. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀bẹ tún kan àwòrán náà. Ẹ wá ẹni tó mọ̀ nípa títún ìwé àtijọ́ ṣe, kó bá wa ṣí i kúrò lára pákó. Mi ò ní ìrètí púpọ̀, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí orúkọ kan ṣoṣo bá jáde, ẹ má kọ lẹ́tà sí mi, ẹ rán ènìyàn wá pè mí. Mo fẹ́ dúró níwájú wọn kí n pè é síta, bí mi ò tilẹ̀ ní mọ èwo nínú wọn ló ń jẹ́ ẹ.

Ẹ ṣeun, bí ẹ bá kà á dé ìhín.

Èmi ni tiyín nínú ìbànújẹ́,

Nọ́ọ̀sì Àgbà,
Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì.