Ìgbọ̀nwọ́ Ọ̀tún Mi

Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́ oko kajú. Ara mi le ní Kùwéètì níbí, ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún nìkan ló ń dùn mí. Dókítà ní àìsàn àwọn tó ń gbá tẹníìsì ni. Mo rẹ́rìn-ín! Aṣọ ìnulẹ̀ ni èmi ń fún láti àárọ̀ dalẹ́ nílé Madamu.

Dókítà fún mi ní bẹ́líìtì kékeré kan tí mo ń dè sísàlẹ̀ ìgbọ̀nwọ́. Ó dára gan-an, mo tún lè gbé korobá. Ṣùgbọ́n Madamu ní kí n bọ́ ọ, kí àlejò má bàa mọ̀ pé aláìsàn ló ń gbé oúnjẹ fún wọn. Ó ra pílásítà tí mo lè lẹ̀ sábẹ́ ẹ̀wù. Ìyẹn náà dára. Omi ló máa ń ṣí i, á sì bó awọ díẹ̀ lọ. Àánú Madamu pọ̀: òun fúnra rẹ̀ ló ń lẹ òmíràn mọ́ ojú ibẹ̀, kí iṣẹ́ má bàa dúró.

Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ kí àwọn ará Boni. Ọmọ odó mi tí ẹ ń bá mi tọ́jú de iṣu tuntun, ẹ gbé e fún Chancelle, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní kó máa lò ó lọ.

Èmi Aurélie yín.