Orí Ẹja Tí Bàbá Ṣẹ́ Kù

Ẹdẹ,
Ọjọ́ Àìkú.

Mansur, àbúrò mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé ní Kàdúná? Àwọn òbí wa wà lálàáfíà, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Allahu. Ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá ti wálẹ̀ díẹ̀, ṣúgà Màmá náà ò fi bẹ́ẹ̀ yọ wọ́n lẹ́nu mọ́. Èmi ni ọkàn mi ò balẹ̀.

Kaosarah, ìyàwó rẹ, wá kí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran: ọmọ dáadáa lo fẹ́. Àmọ́ kò tíì jókòó dáadáa tó fi ń bẹ Bàbá àti Màmá pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ yín. Ó tún ní òun fẹ́ kó wọn lọ jẹun níta, nílé oúnjẹ tuntun kan lọ́nà Pólì. Mo ní Bàbá kì í jẹ iyọ̀, Màmá kì í sì í jẹ nǹkan dídùn. Ó ní òun ti bá ẹni tó ń dáná níbẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Bàbá tí kì í fẹ́ jáde ti dé fìlà kí n tó rí ìbòrí mi.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àìpọ́n àti ọbẹ̀ ẹja ni wọ́n gbé wá. Bàbá tọ́ ọ wò, wọ́n ní, "Ó dùn." Wọ́n tún un sọ. Mansur, ọbẹ̀ tí mò ń sè láàárọ̀ lálẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo jowú, mi ò sẹ́.

O mọ̀ pé láti kékeré, èmi ni Bàbá máa ń ṣẹ́ orí ẹja kù fún, títí dòní tí irun mi ń funfun. Lọ́jọ́ náà, Kaosarah ni wọ́n ti àwo sí níwájú. Ó kúnlẹ̀ gbà á lójú gbogbo èèyàn, ó sì jẹ orí ẹja náà tán. Ẹ̀rín ojú lásán ni mo ń rín. Mo sọ lọ́kàn mi pé wọn yóò bá a lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì tí Kaosarah ti lọ tán, mo gbé oúnjẹ Bàbá kalẹ̀, mo yíjú padà. Wọ́n pè mí.

"Àwáwù, fọwọ́ ẹ. Ọmọdé àti àlejò là ń ṣẹ́ oúnjẹ kù fún. Ìwọ, a jọ ń gbélé ni. A ò lọ síbì kan. Jókòó, ká jọ jẹ ẹ́."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò tọwọ́ bọ àwo kan náà pẹ̀lú Bàbá rí. Mo jókòó, mo bu òkèlè.

Mansur, ọbẹ̀ mi tẹ́. Kò ládùn rárá. Ìkòkò tèmi tó níyọ̀ ni mo máa ń jẹ, mi ò tọ́ tiwọn wò rí. Bàbá lá ọbẹ̀ ọwọ́ wọn, wọ́n wojú mi, wọ́n ní, "Ó dùn."

Kí Allahu jẹ́ kí wọ́n pẹ́ jẹun ọmọ. Kí ọ̀nà tìrẹ náà máa là, kí ilé rẹ tòrò.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń tọ́jú wọn,
Àwáwù.

Ọ̀rọ̀ kan kù: bi ìyàwó rẹ léèrè ohun tó ní kí wọ́n fi sọ́bẹ̀ ọjọ́ náà dípò iyọ̀. Má sọ pé èmi ni mo ní kí o béèrè.